Bí a ṣe lè ka ẹ̀dà ìgbà ogun kan láti inú àkójọ ìwé ìròyìn The Crisis: oṣù Keje ọdún 1918

Ẹni tó bá ti ka ìtàn àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà díẹ̀ yóò ti gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ kan tí W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé àti òǹkọ̀wé ènìyàn dúdú, kọ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, nínú èyí tí ó rọ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n gbàgbé ẹ̀dùn ọkàn tó jẹ́ tiwọn nìkan níwọ̀n ìgbà tí ogun bá ṣì ń lọ, kí wọ́n sì fi èjìká kan èjìká pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà. Àkọlé ọ̀rọ̀ náà ni "Close Ranks". Ìpínrọ̀ méjì péré ni, síbẹ̀ ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń jiyàn lé e lórí. Àwọn kan ní ó ta àwọn ènìyàn rẹ̀, àwọn mìíràn ní ọgbọ́n ló fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ṣí ìwé ìròyìn tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde rí. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó bá fẹ́ ṣí i, kí ó kà á láti èèpo iwájú títí dé èèpo ẹ̀yìn, kí ó sì fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí mo là sílẹ̀ yìí wúlò fún ìwé ìròyìn ìgbà ogun mìíràn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mo yàn láti dúró ti ẹ̀dà kan ṣoṣo yìí, nítorí pé orí ohun kan pàtó ni a ti ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí dáadáa.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwé ìròyìn náà

The Crisis ni ìwé ìròyìn olóṣooṣù ti ẹgbẹ́ NAACP, ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà. Du Bois ló dá a sílẹ̀, òun náà sì ni olóòtú rẹ̀ láti ọdún 1910 títí di ọdún 1934. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 1910, ẹgbẹ̀rún kan péré ni wọ́n sì tẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1919, iye tí wọ́n ń tà lóṣù kan ti kọjá 100,000. Ìwé ìròyìn náà ṣì wà títí di òní.

Ó ṣe pàtàkì kí ẹ mọ̀ pé ẹgbẹ́ ló ni ìwé yìí, nítorí pé olóòtú kì í ṣe ọ̀gá ara rẹ̀ pátápátá. Ìgbìmọ̀ kan wà lókè rẹ̀, aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú sì wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ṣùgbọ́n Du Bois kì í ṣe ẹni tí ń gbà kí a fi àṣẹ darí kálámù òun, èyí sì máa ń fa àríyànjiyàn láàárín òun àti ìgbìmọ̀ náà. Bí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ olóòtú nínú ìwé yìí, ẹ máa rántí pé ènìyàn kan tí èrò rẹ̀ le koko ló ń sọ̀rọ̀, inú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ló sì ti ń sọ ọ́.

Bí ẹ ṣe máa rí ẹ̀dà náà

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ darí ènìyàn sí ni Modernist Journals Project, iṣẹ́ tí Yunifásítì Brown àti Yunifásítì Tulsa jọ ṣe. Wọ́n ti ya àwòrán The Crisis láti ọdún 1910 títí dé ọdún 1922 síbẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kí ó gba fáìlì PDF rẹ̀ sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Google Books náà ní ọ̀pọ̀ ẹ̀dà rẹ̀. Fáìlì àwòrán ìwé àtijọ́ máa ń tóbi, nítorí náà, bí dátà bá wọ́n lọ́dọ̀ yín, ẹ gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì máa kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn náà.

Ẹ̀dà tí ẹ ń wá ni nọ́ńbà 3 nínú ìdìpọ̀ 16. Ìdìpọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1918, nọ́ńbà ojú ìwé sì ń tẹ̀síwájú láti ẹ̀dà kan bọ́ sí èkejì títí ìdìpọ̀ náà fi parí. Èyí ni kò fi yẹ kí ẹ̀rù bà yín bí ẹ bá rí i pé ẹ̀dà oṣù Keje kò bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé 1. Ojú ìwé 111 ni "Close Ranks" wà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí kà, ẹ wò ó bóyá ẹ̀dà tí ẹ gbà pé. Nígbà àtijọ́, tí àwọn ilé ìkàwé bá fẹ́ di ìwé ìròyìn ọdún kan pọ̀, wọ́n sábà máa ń ya èèpo rẹ̀ àti ojú ìwé ìpolówó ọjà dànù, nítorí wọ́n rò pé ìwọ̀nyẹn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Irú ẹ̀dà tí wọ́n ti ya báyìí ni a sì wá ya àwòrán rẹ̀ ní àwọn ibì kan. Àdánù ńlá ni. Bí ẹ kò bá rí èèpo iwájú tàbí ìpolówó ọjà, ẹ lọ wá ẹ̀dà mìíràn ní ibòmíràn.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ níbẹ̀rẹ̀: gẹ́gẹ́ bí òfin Amẹ́ríkà, ohun tí a tẹ̀ jáde níbẹ̀ ní ọdún 1918 ti di ti gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni tó máa bi yín léèrè bí ẹ bá tẹ ojú ìwé kan sórí bébà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín tàbí bí ẹ bá fi àwòrán rẹ̀ sínú ohun tí ẹ ń kọ.

Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ ọjọ́ kí ẹ tó ka ohunkóhun

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù. Ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ̀dà náà tó jáde sí apá òsì, kí ẹ sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ẹ jẹ́ kí n bá yín bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Amẹ́ríkà wọ ogun ní oṣù Kẹrin ọdún 1917, Ààrẹ Woodrow Wilson sì sọ pé àwọn ń lọ jà kí ayé lè rọrùn fún ìjọba tiwa-n-tiwa. Ní oṣù Keje ọdún náà, àwọn jàǹdùkú aláwọ̀ funfun pa ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ní East St. Louis, wọ́n sì dáná sun ilé wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dúdú rìn ní New York láìsọ ọ̀rọ̀ kankan láti fi ẹ̀dùn ọkàn wọn hàn. Ní oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ ogun dúdú kan gbé ìbọn ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá ibẹ̀ ti fi ìyà jẹ wọ́n. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, ìjọba yẹgi fún mẹ́tàlá nínú wọn láìjẹ́ kí wọ́n ní àǹfààní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Láàárín kan náà, ní oṣù Kẹwàá, àwọn ọmọkùnrin dúdú 639 ti gba oyè ọ̀gágun ní ibùdó ìkọ́ni kan ní Des Moines, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1918, Henry Johnson àti Needham Roberts lé ikọ̀ ọmọ ogun Jámánì kan sẹ́yìn lóru ní ilẹ̀ Faransé, òkìkí wọn sì kàn. Oṣù Karùn-ún yẹn kan náà ni àwọn jàǹdùkú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Georgia pa Mary Turner, aboyún, nítorí pé ó sọ̀rọ̀ lòdì sí bí wọ́n ṣe pa ọkọ rẹ̀.

Apá òsì bébà yín nìyẹn. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1918, nígbà tí Wilson wá sọ̀rọ̀ ní gbangba lòdì sí àwọn tí ń pa ènìyàn láìgbé e dé ilé ẹjọ́. Ẹ kọ ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá, nígbà tí ìbọn dákẹ́. Ẹ sì kọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1919, nígbà tí wọ́n pa àwọn ènìyàn dúdú ní ìlú púpọ̀, tí àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n pa sì jẹ́ ọmọ ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun dé.

Lẹ́yìn náà, ẹ bo apá ọ̀tún mọ́lẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó kọ ẹ̀dà oṣù Keje tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, àwọn Jámánì ṣì ń tẹ̀síwájú ní ilẹ̀ Faransé, kò sì sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé oṣù mẹ́rin péré ló kù kí ogun parí. Ẹ tún rántí pé ìwé olóṣooṣù gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láti kọ, láti tò àti láti tẹ̀, nítorí náà ohun tí ẹ bá rí nínú ẹ̀dà oṣù Keje, oṣù Kẹfà tàbí ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́. Bí ẹ bá ń bi ara yín pé kí ló dé tí wọn kò sọ̀rọ̀ nípa nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ ọjọ́ yín bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ nígbà náà.

Ẹ kà á já lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má dúró

Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má wá ohunkóhun. Ẹ má tẹ ọ̀rọ̀ kankan sínú àpótí ìwákiri, ẹ má sì sáré lọ sí ojú ìwé 111. Ẹ ṣí èèpo iwájú, kí ẹ máa ṣí i lọ ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, títí kan ìpolówó ọjà. Bí ẹ bá rí ohun tó yà yín lẹ́nu, ẹ kọ nọ́ńbà ojú ìwé rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì máa lọ.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé oṣù Keje ni oṣù ètò ẹ̀kọ́ nínú ìwé ìròyìn yìí. Lọ́dọọdún, ní irú àkókò yìí, The Crisis máa ń kà iye àwọn ọmọ dúdú tó jáde ní yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì, a sì máa tẹ fọ́tò púpọ̀ nínú wọn. Ẹ dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn fọ́tò wọ̀nyẹn nígbà tí ẹ bá padà síbẹ̀. Ẹ̀dà tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ogun, ojú àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ẹ̀kọ́ ni àwọn tó rà á nígbà náà rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Òbí tó fi owó rẹ̀ ra ìwé náà ní oṣù yẹn lè jẹ́ ẹni tó ń wá fọ́tò ọmọ rẹ̀.

Ẹ padà sí abala kọ̀ọ̀kan

Ìwé ìròyìn yìí ní àwọn abala tí wọ́n máa ń padà wá lóṣooṣù, abala kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní "The Horizon" jẹ́ àkójọ ìròyìn kéékèèké láti ibi gbogbo: ta ni wọ́n yàn sípò, ilé iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣí, ọmọ ogun wo ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní "The Looking Glass" jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tún ọ̀rọ̀ àwọn ìwé ìròyìn mìíràn tẹ̀, títí kan ti àwọn aláwọ̀ funfun, yálà ọ̀rọ̀ rere ni tàbí ọ̀rọ̀ èébú. Abala kan wà fún iṣẹ́ ẹgbẹ́ NAACP fúnra rẹ̀, òmíràn sì wà fún àwọn ènìyàn pàtàkì oṣù náà.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ lo àkókò tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ "The Looking Glass". Nígbà ogun, nígbà tí ó léwu fún olóòtú láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun kan, ó lè tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tẹ̀ láìfi tirẹ̀ kún un, òǹkàwé yóò sì lóye ìdí tí ó fi yàn án. Ẹ máa bi ara yín léèrè ní gbogbo ìgbà pé: nínú gbogbo ohun tí wọ́n lè tún tẹ̀ ní oṣù yẹn, kí ló dé tó jẹ́ èyí ni wọ́n mú?

Ìpolówó ọjà náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní àwọn ọdún wọ̀nyí, àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga bíi Howard, Fisk, Wilberforce àti Atlanta ló máa ń polówó níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn tí ń ta ìwé àti àwọn tí ń wá aṣojú tí yóò bá wọn ta ọjà. Ẹ fi ìpolówó ẹ̀dà yìí wé ti oṣù Keje ọdún 1916, kí Amẹ́ríkà tó wọ ogun. Ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ nípa ogun ti wọ inú ohun tí wọ́n ń tà, bóyá iye owó ti yí padà, bóyá àwọn olùpolówó kan ti lọ, tí àwọn mìíràn sì ti dé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ogun ṣe kan ilé àwọn ènìyàn lásán, ibí ni yóò ti rí i ju inú ọ̀rọ̀ olóòtú lọ.

Tí ẹ bá ti ṣe èyí tán, ẹ lè wá lo ẹ̀rọ ìwákiri. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ìgbà náà ń lò ni kí ẹ fi wá nǹkan. "Negro" àti "colored" ni wọ́n ń kọ. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ òde òní wá a kò ní rí nǹkan gidi. Ẹ sì mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ló ń ka lẹ́tà láti inú àwòrán ojú ìwé àtijọ́, ó sì máa ń ṣì í kà níbi tí tàdáwà bá ti ṣá tàbí tí lẹ́tà bá kéré. Bí kò bá rí ọ̀rọ̀ kan, kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀.

Ẹ wá ka ojú ìwé 111

Ẹ ka ìpínrọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín dà wọ́n kọ. Du Bois sọ pé ọdún 1918 ni ayé yóò máa tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ọdún ìpinnu. Ó sọ pé ikú ni agbára Jámánì túmọ̀ sí fún ìrètí àwọn ènìyàn dúdú àti gbogbo ẹ̀yà aláwọ̀ dúdú tó ń fẹ́ òmìnira. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó dá ìjà sílẹ̀, pé kí wọ́n gbàgbé ẹ̀dùn tó jẹ́ tiwọn nìkan "níwọ̀n ìgbà tí ogun yìí bá ń lọ". Ó parí rẹ̀ nípa sísọ pé kì í ṣe ẹbọ kékeré ni àwọn ń rú, ṣùgbọ́n tayọ̀tayọ̀ ni àwọn fi ń rú u, pẹ̀lú ojú tí a gbé sókè sí orí òkè wọ̀nnì. Ẹni tó bá mọ Orin Dáfídì 121 yóò mọ ibi tí ó ti mú ìparí ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn òǹkàwé rẹ̀ náà sì mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ẹ bá ti dà á kọ tán, ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó fi ààlà sí ohun tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ó sọ ìgbà tí ìgbàgbé náà máa dópin. Kò sọ pé ẹ̀dùn náà kò tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún ṣàkíyèsí ohun tí kò sí níbẹ̀: kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ìjọba ní ìdápadà. Kò dárúkọ Houston, kò dárúkọ East St. Louis. Lójú tèmi, àìbéèrè yìí ló dun àwọn ènìyàn jù, mo sì gbà pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bínú.

Ẹ béèrè ẹni tó ń ṣọ́ olóòtú

Kò sí ìwé ìròyìn ìgbà ogun tí ènìyàn lè lóye láìmọ òfin tó wà lórí rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1917, Amẹ́ríkà ṣe òfin Espionage Act, èyí tó fún iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní agbára láti kọ̀ láti gbé ìwé ìròyìn tí wọ́n bá kà sí ọ̀tá ogun. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1918, òfin Sedition Act mú un le sí i. Ìwé ìròyìn tó ń fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn òǹkàwé rẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè kò lè yè bí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ bá kọ̀ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí The Masses, ìwé ìròyìn kan tó lòdì sí ogun, ní New York ní ọdún 1917 nìyẹn. Wọ́n rán olóòtú ìwé ìròyìn àwọn ènìyàn dúdú kan ní San Antonio lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí lẹ́tà kan tí ìwé ìròyìn náà tẹ̀ nípa àwọn ọmọ ogun Houston. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1918, wọ́n mú A. Philip Randolph àti Chandler Owen, àwọn olóòtú The Messenger, ní Cleveland.

Ohun mìíràn tún wà. Joel Spingarn, aláwọ̀ funfun tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ NAACP, ti wọ iṣẹ́ ológun, ó sì wà ní ẹ̀ka tó ń ṣàkójọ ìwífún fún ọmọ ogun ní Washington. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1918, ó ń ṣètò kí Du Bois náà gba oyè kápúténì ní ẹ̀ka yẹn. Láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 21 oṣù náà, ìjọba pe àwọn olóòtú ìwé ìròyìn àwọn ènìyàn dúdú jọ sí Washington, Du Bois sì wà lára wọn. Ìpàdé yẹn fi ọwọ́ sí ìrànlọ́wọ́ fún ogun, ṣùgbọ́n ó tún béèrè pé kí ìjọba fi òpin sí pípa ènìyàn láìsí ìdájọ́. Ní ìparí oṣù Keje, ọ̀rọ̀ oyè kápúténì náà já sí asán.

Àwọn onímọ̀ ìtàn kò tíì fẹnu kò lórí bí ọ̀rọ̀ oyè yìí ṣe kan ohun tí Du Bois kọ. Ẹ má ṣe yára mú ìhà kan. Ẹ kọ ọjọ́ wọ̀nyí sórí bébà yín, kí ẹ sì wo bí wọ́n ṣe sún mọ́ ara wọn tó. Mo gbà pé ènìyàn lè ní ìgbàgbọ́ òtítọ́ nínú ohun kan, kí ó sì tún ní èrè láti jẹ níbẹ̀. Àwọn ọjọ́ náà kò lè fi èkíní hàn yín yàtọ̀ sí èkejì.

Ẹ ka àwọn ẹ̀dà tó yí i ká

Ẹ̀dà kan ṣoṣo kò tó láti fi dá olóòtú lẹ́jọ́. Ẹ padà sẹ́yìn sí oṣù Kìíní ọdún 1918, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ tí Du Bois kọ lórí àwọn mẹ́tàlá tí wọ́n yẹgi fún ní Houston. Kò sẹ́ pé wọ́n rú òfin, ṣùgbọ́n ìbínú inú ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Ní ọdún 2023, iléeṣẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà fagi lé ìdájọ́ tí wọ́n fún àwọn ọmọ ogun wọ̀nyẹn. Ẹ ka ẹ̀dà oṣù Kẹsàn-án ọdún 1917 náà, nítorí ìròyìn gígùn tó wà níbẹ̀ lórí East St. Louis, pẹ̀lú fọ́tò. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ẹ̀dà oṣù Kẹfà ọdún 1918, tó wà ṣáájú tiwa gan-an. Ọmọ ogun dúdú ni ó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lọ́lá.

Lẹ́yìn oṣù Keje, ẹ lọ sí oṣù Kẹjọ, níbi tí ó ti ń ṣàlàyé èrò rẹ̀ nípa ìgbà ogun, kí ẹ sì tún lọ sí oṣù Kẹsàn-án, níbi tí ó ti ń dá àwọn alátakò rẹ̀ lóhùn. Inú ẹ̀dà oṣù Kẹsàn-án kan náà yìí ni ìròyìn Walter White wà lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Mary Turner àti àwọn tí wọ́n pa pẹ̀lú rẹ̀. White jẹ́ ènìyàn dúdú tí àwọ̀ rẹ̀ funfun débi pé àwọn jàǹdùkú ibẹ̀ kò mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Ó lọ sí Georgia fúnra rẹ̀, ó sì kó ẹ̀rí jọ. Ẹ fi ìròyìn yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ "Close Ranks". Oṣù méjì péré ló wà láàárín wọn, ogun sì ṣì ń lọ. Ìwé ìròyìn tó ní kí a gbàgbé ẹ̀dùn ọkàn kò dákẹ́ láti máa tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ̀dà tó kẹ́yìn tí mo fẹ́ kí ẹ kà ni ti oṣù Karùn-ún ọdún 1919. Du Bois ti lọ sí ilẹ̀ Faransé lẹ́yìn ogun, níbi tó ti ṣètò Àpérò Gbogbo Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní Paris ní oṣù Kejì, tó sì ti gbọ́ ohun tí ojú àwọn ọmọ ogun dúdú rí lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá wọn. Nínú ẹ̀dà yìí, ó tẹ àwọn ìwé àṣírí tó rí jáde, títí kan èyí tí ọ̀gágun Faransé kan, Linard, fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 1918, tó ń sọ fún àwọn ọ̀gágun Faransé pé kí wọ́n má ṣe bọ̀wọ̀ jù fún ọmọ ogun dúdú Amẹ́ríkà, kí wọ́n má sì bá wọn jẹun pọ̀. Iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ dá ẹ̀dà náà dúró fún bí ọjọ́ kan kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ olóòtú inú rẹ̀, "Returning Soldiers", sọ pé àwọn padà dé láti ojú ogun, àwọn sì padà dé láti jà. Ẹni tó bá ka ojú ìwé 111 láìka èyí ti ka ìdajì.

Ẹ gbọ́ ẹnu àwọn alátakò

Ìwé ìròyìn kì í sọ gbogbo ohun tí àwọn òǹkàwé rẹ̀ rò nípa rẹ̀. Ẹ wá ohùn mìíràn láti ìta. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1918, Hubert Harrison, ọmọ erékùṣù St. Croix tó ń gbé ní Harlem, kọ ọ̀rọ̀ líle kan sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, The Voice, pé Du Bois ti já bọ́ láti ipò aṣáájú. Ẹ̀ka NAACP tó wà ní Washington náà fi ẹ̀hónú hàn. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Òǹkàwé rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì bínú nítorí pé wọ́n ti gbára lé e.

Bí ẹ ṣe máa tọ́jú ohun tí ẹ rí

Fún ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fẹ́ lò, ẹ kọ orúkọ ìwé ìròyìn, nọ́ńbà ìdìpọ̀, nọ́ńbà ẹ̀dà, oṣù, ọdún àti ojú ìwé. Ẹ lo nọ́ńbà tí a tẹ̀ sórí ojú ìwé náà gan-an, kì í ṣe èyí tí PDF ń fi hàn, nítorí pé méjèèjì kì í bára mu. Ẹ ya àwòrán odindi ojú ìwé, kí ẹ má gé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jáde, kí ẹni tó máa kà á lẹ́yìn yín lè rí ohun tó wà lápá òsì àti lápá ọ̀tún rẹ̀. Bí ẹ bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan sí Yorùbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi ojú ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bébà ọjọ́ tí ẹ ṣe níbẹ̀rẹ̀ náà, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ fi í sínú fódà kan náà pẹ̀lú àwọn àwòrán wọ̀nyí, kí ẹ sì máa fi ọjọ́ tuntun kún un bí ẹ bá ṣe ń ka ẹ̀dà mìíràn.